Lẹ́yìn Tí A Bá Pààrọ̀ Kíndìnrín: Olè Tí A Mọ̀ Ni A Lè Ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Kàdúná, níbi ìkówójọ fún àpò ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìsàn

  

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà níhìn-ín. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí baba mi tó fi mí ránṣẹ́ sí Kàdúná láti wá kọ́ òwò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti wà nínú ọjà tí mò ń ta mílíìkì, ṣúgà àti àwọn nǹkan jíjẹ inú agolo. Bí ẹ bá bi mí ní iye tí à ń ta páálí mílíìkì kan, n ó ti dáhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kíndìnrín, mo kọ́kọ́ kọ̀. Akọ̀wé wa ni ó wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀. Ẹ wá sọ èyí tí ojú yín rí." Nítorí náà ni mo ṣe dìde. Gbogbo ohun tí n ó sọ, mo ti gbé e lọ bá àwọn dókítà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì ti tún ibi tí mo ṣì í sọ ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ àbúrò mi ọkùnrin tí a jọ ń ṣòwò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sì bìkítà, nítorí pé kò dùn ún níbi kankan. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ dá owó náà. Ẹgbẹ́ yìí dá a, ìjọ dá a, jàmáà mọ́ṣáláṣí dá a, àwọn Hausa àti àwọn Íbò tí a jọ ń ná ọjà dá sí i pẹ̀lú, títí a fi rí iye tí a ó fi pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀. Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n mú tèmi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n pè mí wọ yàrá kan, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní n kò lè fún un, nítorí pé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ìgbà kan tí àìsàn ẹ̀dọ̀ dá mi dùbúlẹ̀ rí. Mò ń gbé páálí, mò ń jẹ iyán, mo rò pé ara mi le ju ti àbúrò mi lọ. Ká ní wọn kò yẹ̀ mí wò ni, ìfẹ́ tí mo ní sí i ni ǹ bá fi gbé àrùn fún un. Àbúrò wa obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ni ó fún un ní kíndìnrín. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Ẹ ṣe àkíyèsí ibi tí n ó bá dé wàyí. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, a sì ṣe ìdúpẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ náà. Ilé kún, àgbàlá kún, gbogbo ayé ń dì mọ́ ọn, ẹni tí ó ń húkọ́ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin, owó tán. Oògùn kan wà nínú oògùn rẹ̀ tí wọ́n fún un láti fi dènà kòkòrò, òun ni ó sì wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Àwa mọ̀lẹ́bí rò ó pé nígbà tí ara ti le báyìí, kí a dá èyí dúró ná. Dókítà kò mọ̀ sí i. Àwa ni a dá a dúró.

Kò pẹ́ ni ibà dé. Lẹ́yìn ibà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. A ní ibà ẹ̀fọn ni, a ní tàífọ́ọ̀dù ni. A lọ ra oògùn ní kẹ́mísì, ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Nígbà tí a fi gbé e padà lọ bá àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, aṣọ rẹ̀ kò dúró lára rẹ̀ mọ́. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní CMV ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó fi dùbúlẹ̀, tí oògùn ń gba inú iṣan wọ ara rẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, kò kú. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí àbúrò wa obìnrin fi tọrẹ kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, kì í ṣe pé ó ṣàìsàn. Èrò ti pọ̀ jù fún un níhìn-ín ni. Òun ni ó ní kí n kí yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe àlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run fi sí ẹ̀yìn wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru bí obìnrin ti í fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí a bá ìtọ̀ jáde, èyí tí ó dára a dúró sínú ara. Ẹnìkan lè fi ẹyọ kan ṣoṣo gbé ayé rẹ̀ ní àlàáfíà, ìdí nìyí tí ọmọ ìyá fi lè yọ ọ̀kan fún ọmọ ìyá.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá ojú àwọn onísọ́ọ̀bù mọ̀, kí ó sì lé ẹni tí kò bá mọ̀. Ọlọ́run fi irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ sí ara olúkúlùkù wa, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń rìn kiri. Bí a bá gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sí inú ara, àwọn ọdẹ yìí kò mọ̀ pé àlejò tí a fi owó àti omijé pè ni. Lójú tiwọn olè ni, wọn yóò sì dìde láti pa á. Nítorí èyí ni àwọn dókítà ṣe ń fún ẹni náà ní oògùn tí ń mú ọdẹ tòògbé. Kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ti oṣù kan. Níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, yóò máa lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọdẹ tí ó ń tòògbé tí kò fi lu àlejò, òun náà ni kò ní rí olè nígbà tí olè bá fo ògiri. Olè tí ó sì ti sá pamọ́ sínú àjà ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ̀rù ọdẹ kò jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yóò sọ̀kalẹ̀. Àwọn olè tí mo ń sọ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí òyìnbó ń pè ní fáírọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ kíndìnrín kì í ṣe idán. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi í sí ara Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì tí wọ́n jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n, nítorí náà ọdẹ ara Richard kò bá àlejò náà jà, kò sì sí pé a ń fi oògùn mú ọdẹ sùn. Richard lo kíndìnrín náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kí ó tó kú. Àwa Yorùbá ni Ọlọ́run fi ìbejì kẹ́ jù, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ní ìkejì? Kì í sì í ṣe gbogbo ìbejì ni ó jọra tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ní ìkejì ní láti dúró de oògùn. Èyí tí ó la ọ̀nà náà gbòòrò ni cyclosporin, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1983.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 2000. Ní 2002, wọ́n ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá Aminu Kano ní Kánò tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣì ń wọ bàálù lọ sí Íńdíà. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é, ilé ni aláìsàn ń padà wá, àwa ni a ó sì jọ máa gbé. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ni.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti olè tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. CMV tí ó bá àbúrò mi jà, láti kékeré ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwa ènìyàn Áfíríkà ti kó o, nínú itọ́, nínú wàrà ọmú, nínú eré ọmọdé. Kò ṣe wá ní nǹkan kan nítorí pé ọdẹ wà lójúfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní BK. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìlú London, nínú ìtọ̀ ọkùnrin ará Sudan kan tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Lẹ́tà orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n fi sọ kòkòrò náà lórúkọ. Inú kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀ ni ó ń sùn sí. Bí ó bá jí, kíndìnrín titun náà gan-an ni yóò máa jẹ. Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn tí ó ń pa á tààrà. Ohun tí àwọn dókítà ń ṣe ni kí wọ́n tètè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀, kí wọ́n sì dín oògùn ìtòògbé kù díẹ̀díẹ̀ kí ọdẹ lè lajú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí aláìsàn wá fún àyẹ̀wò nígbà tí ara rẹ̀ le koko. Kì í ṣe owó lásán ni wọ́n ń wá.

Hepatitis B tí wọ́n rí lára mi ńkọ́? Ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100 ní Nàìjíríà, ó tó 8 tí kòkòrò yìí wà lára wọn. Ẹ wo iye wa nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní in bá gba kíndìnrín tí wọ́n sì mú ọdẹ rẹ̀ tòògbé, kòkòrò náà lè dìde kí ó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ ṣáájú, oògùn wà tí a fi ń dè é mọ́lẹ̀, ẹni náà yóò sì gba kíndìnrín rẹ̀ láìséwu púpọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti olè tí ó bá ẹrù wọlé. Ó lè bá kíndìnrín náà wá. Ó lè bá ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí ni lára wá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín kì í tó, wọ́n sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ fún un lemọ́lemọ́. Ó lè wá láti ibi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ bí wọn kò bá ya ẹ̀rọ ẹni tí ó ní àrùn sọ́tọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ fi ohùn líle sọ̀rọ̀ lórí kíndìnrín rírà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ẹ̀yà ara ènìyàn tàbí láti rà á. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ fi ojú oníṣòwò wò ó. Ẹni tí ebi ń pa tí ó fẹ́ ta kíndìnrín, ṣé yóò sọ fún yín pé òun ní àrùn kan rí? Alágbàtà tí ó fẹ́ gba owó rẹ̀ kíá, ṣé yóò jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní? Àwọn dókítà káàkiri ayé ti rí i pé àwọn tí wọ́n lọ ra kíndìnrín lókèèrè máa ń kó àrùn bọ̀ ju àwọn tí ẹbí wọn fún lọ. Ọjà tí a kò tú wò, gbèsè ni.

Ọ̀nà kẹta ni àwa fúnra wa. Ọ̀fìnkìn, ikọ́, èèyi, àti ilẹ̀ẹ́gbóná kékeré tí àwọn ọmọdé ń ní, nǹkan kékeré ni lójú ẹni tí ọdẹ rẹ̀ jí. Lára ẹni tí ọdẹ rẹ̀ ń tòògbé, nǹkan ńlá ni. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, tí wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó sílé ní Kàdúná, irú àwọn ènìyàn yìí wà lára àwọn tí ó wu léwu jù. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a lọ kí ni, kí a gbé oúnjẹ lọ, kí a sì jókòó pẹ́. Ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá ń ṣe ọ́, ìwà rere ni kí o fi fóònù kí i.

Nínú àwọn tí wọ́n gba kíndìnrín, àwọn wo ni ewu wọn pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n.

Èkínní ni ẹni tí kò kó kòkòrò kan rí, tí kíndìnrín tí ó gbà sì gbé e wá. Ọdẹ rẹ̀ kò mọ ojú olè náà rí. Ọmọdé ni èyí sábà máa ń bá.

Èkejì ni ẹni tí ara rẹ̀ àti ti ẹni tí ó fún un kò bára mu dáadáa, nítorí pé oògùn ìtòògbé rẹ̀ yóò le jù.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ara rẹ̀ ti gbìyànjú láti kọ kíndìnrín náà, tí wọ́n wá fi oògùn alágbára pẹ̀tù sí i. Ewu tí ó ti ń lọ sílẹ̀ yóò tún gbérí.

Ẹ̀kẹrin ni àgbàlagbà àti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tí ó wà nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí pé ìgbà yẹn ni oògùn náà le jù lára. A ṣe ìdúpẹ́ wa ní oṣù kẹta.

Ẹ̀kẹfà ni ẹni tí owó rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Àwọn dókítà kò fi èyí sí iwájú, ṣùgbọ́n èmi fi í sí iwájú. Ẹni tí kò rí owó oògùn ìdènà rà, tí kò rí owó àyẹ̀wò san, ọjọ́ tí olè bá wọlé ni yóò tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi sọ oògùn ìtòògbé rẹ̀ nù. Bí ọdẹ bá jí lójijì, àlejò ni yóò kọ́kọ́ pa. Dókítà nìkan ni ó mọ ìwọ̀n tí ọdẹ yóò fi sùn tí kò ní sùn jù.

Kí ni a lè ṣe ṣáájú? Àjẹsára wà fún Hepatitis B. Láti ọdún 2004 ni a ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò gbà á. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège tètè lọ gbà á, nítorí pé bí àìsàn náà bá ti pẹ́, àjẹsára náà kì í mú ara dáadáa mọ́, ó sì lè jẹ́ pé ìlọ́po méjì ni wọn yóò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí Íńdíà, ẹ gbọ́ èyí. Wọn yóò bi yín ní yẹ́lò káàdì. Àjẹsára tí a fi ń gba káàdì náà ní kòkòrò ààyè tí a sọ di ọ̀lẹ nínú. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni a ń gbà á, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èèwọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèyi, àti ti pólíò tí à ń kán sí ẹnu. Ẹ̀yin alálàájì tí ẹ ti pààrọ̀ kíndìnrín, kí ẹ tó la ẹnu fún ẹnikẹ́ni níbi ètò Hájì, ẹ sọ fún un pé ẹ ti pààrọ̀ kíndìnrín, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ibà ẹni tí ó pààrọ̀ kíndìnrín kì í ṣe ibà kẹ́mísì. Kí a gbé e lọ bá àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi ṣeré pẹ̀lú àbúrò mi, òun ni ó jẹ kíndìnrín rẹ̀. Bákan náà, agbo àti àwọn oògùn kẹ́mísì kan wà tí wọ́n lè mú kí oògùn ìtòògbé pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dín in kù. N kò bú agbo o, agbo ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Ṣùgbọ́n oògùn méjì tí kò mọ ara wọn kì í gbé inú ikùn kan láìjà.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣé a tún lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tó báyìí? Ẹ gbọ́ èyí. Láti ọdún 2008, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, àwọn dókítà ti ń fi kíndìnrín òkú tí ó ní kòkòrò éèdì sí ara aláìsàn tí òun náà ní in, àwọn aláìsàn náà sì ń yè. Báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe? Wọ́n mọ kòkòrò náà, wọ́n mọ ibi tí ó wà, wọ́n ti fi oògùn dè é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Olè tí a mọ̀ ni a lè ṣọ́. Èyí tí a kò mọ̀ ni í kó ṣọ́ọ̀bù.

Baba Alága, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Nígbà tí ẹ dá owó fún àbúrò mi, gbogbo rẹ̀ ni a ná sórí iṣẹ́ abẹ. Kò sí ẹni tí ó rántí ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A dà bí ẹni tí ó sin ìyàwó dé ilé ọkọ tí kò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nínú àpò tí a ń kó owó sí lónìí, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pààrọ̀ kíndìnrín, kí a kọ́kọ́ ya owó oògùn àti àyẹ̀wò ọdún kan sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án. Bí owó náà kò bá tó méjèèjì, kí a dúró kí a tún dá sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni pé kí ẹgbẹ́ pe àwọn dókítà wa wá sí ìpàdé, kí a yẹ gbogbo wa wò fún Hepatitis B, kí ẹni tí kò ní in gba àjẹsára, kí ẹni tí ó ní in mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Èmi ti mọ tèmi, mò ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ mi nígbà tí ó yẹ, ìyàwó àti àwọn ọmọ mi sì ti gba àjẹsára. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́ níwájú yín. Ní ìpàdé kan náà, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé kíndìnrín tí kò bàjẹ́ kò nílò pípààrọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kẹta, kí a fi ọgbọ́n kún ìkíni wa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ dé, kí a fún un ní oṣù mẹ́fà. Owó ọkọ̀ tí o fẹ́ fi lọ kí i, fi ránṣẹ́ sí i kí ó fi ra oògùn. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí dókítà sì fọwọ́ sí i, kí a jó.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí ilẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ yìí ni ẹbí wa. Bí kò bá sí yín, àbúrò mi ì bá ti di ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn babaláwo a máa wí pé ẹbọ tí a rú tí a kò parí rẹ̀ kì í fín. Èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa parí rẹ̀ lára àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi owó òwò wa ra oògùn. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn láàárín wa, ara yóò yá a. Èrè oko, èrè ọjà, a ó jẹ ẹ́ pẹ́. Kàdúná yóò tù wá lára, ilé kò sì ní gbàgbé wa.